Abẹ́rẹ́ Inú Ọ̀rá Dúdú

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Iṣẹ́ òru ni mo ṣe, mo jókòó sídìí tábìlì ní wọ́ọ̀dù, mò ń kọ ìròyìn òru sílẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, nígbà tí mo gbọ́ tí Màmá tó ń tọ́jú ìmọ́tótó wọ́ọ̀dù wa ké “yéè” ní ohùn kékeré, bí ẹni tí iná ta sí lára. Mo gbójú sókè. Wọ́n ti gbé ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí sílẹ̀, wọ́n ti bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n sì ń fi ọwọ́ òsì fún àtàǹpàkò kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Ẹ̀jẹ̀ náà yọ, ó kó jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ pupa kékeré kan, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

“Màmá, kí ló ṣe yín?”

“Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. Abẹ́rẹ́ ló gún mi. Wọ́n tún ti jù ú sínú ọ̀rá.”

Wọ́n lọ sídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ṣan ọwọ́, wọ́n fi etí aṣọ iṣẹ́ wọn nù ún, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ mìíràn, wọ́n sì gbé ọ̀rá náà padà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá,” mo sì padà sídìí ìwé mi. N kò bi wọ́n bóyá wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan rí. N kò kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìjàǹbá, n kò sì sọ fún ọ̀gá kankan. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, “ẹ pẹ̀lẹ́” ni gbogbo ohun tí mo ní láti fún ìyá tí abẹ́rẹ́ tó ti ọwọ́ wa bọ́ gún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ gún èmi náà. Mo ń gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn kan, ó fa ọwọ́ rẹ̀ lójijì, ẹnu abẹ́rẹ́ sì yà bá mi ní ìka. Kí wákàtí kan tó pé, gbogbo nǹkan ti tò lẹ́sẹẹsẹ: mo ti fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, wọ́n ti mú fọ́ọ̀mù ìjàǹbá wá, aláìsàn náà ti gbà kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò, dókítà sì ti ṣí fáìlì mi, ó ti rí i níbẹ̀ pé mo ti gba abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń dènà àrùn ẹ̀dọ̀ tí à ń pè ní mẹ́dọ̀wú irú B, àti pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ràn lára mi, ìyẹn ni pé ara mi ti ní ààbò. Ó ní kí n fi ọkàn balẹ̀ ní ti èyí. Ní gbogbo àkókò yẹn, Màmá ń nu ilẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa. Nígbà tí dókítà lọ tán, wọ́n fara ti igi mọ́ọ̀pù, wọ́n wò mí títí, wọ́n sì béèrè pé: “Ọmọ mi, ṣé gbogbo èyí ló yẹ kí wọ́n ṣe fún ẹni tí abẹ́rẹ́ bá gún?”

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìdáhùn tó yẹ ìbéèrè wọn.

Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa mẹ́dọ̀wú irú B, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní hẹpatáítíìsì B, inú ẹ̀jẹ̀ àti àwọn omi ara kan ló ń gbé, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bá jà. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwọn tó ń tún ilé ìwòsàn ṣe ju bí a ti rò lọ ni pé kì í tètè kú. Nínú ẹ̀jẹ̀ tó kán sílẹ̀ tó ti gbẹ, tí ojú kò tilẹ̀ rí mọ́, ó lè wà fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kí agbára àtiràn rẹ̀ má sì dín. Abẹ́rẹ́ tí a lò ní ọjọ́ Ajé, tó bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìsí ẹni tó mọ̀, tí ìgbálẹ̀ gbá jáde ní ọjọ́ Ẹtì, ewu tó wà lẹ́nu rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kò ní ààbò, tí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ alárùn yìí gún, láti orí 6 títí dé 30 ló lè kó o, bí kòkòrò náà bá ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni yóò sì sọ iye tí yóò jẹ́. Ti HIV kò ju nǹkan bí 3 nínú 1,000 lọ.

Mo máa ń tún ìṣirò yìí sọ, nítorí pé nígbàkigbà tí mo bá bá àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ tó gún wọn, HIV ni wọ́n máa ń béèrè. Wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀ nílé, wọ́n gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti wọ̀ wọ́n lára. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rù rẹ̀. Àmọ́ ó ń ká mi lára pé nínú àwọn àrùn méjì tó lè wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ kan náà, èyí tó rọrùn jù láti kó, tó sì tún ní àjẹsára tó múná dóko, òun gan-an ni ẹnikẹ́ni kì í béèrè. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 254 ènìyàn ni àrùn yìí ti di bára-kú sí lára, àti pé mílíọ̀nù 1.1 ló kú nípasẹ̀ rẹ̀ lọ́dún náà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn látàrí ẹ̀dọ̀ tó ti kún fún àpá tó sì le gbagidi, tàbí látàrí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ní in, 13 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló mọ̀ pé àwọn ní in. Ẹni tó ní in lè máa dìde lówùúrọ̀, kí ó gbálẹ̀, kí ó nu ilẹ̀, kí ó gbé garawa, kí ara rẹ̀ má sì sọ nǹkan kan fún un fún ogún ọdún.

Mo tún ti ronú púpọ̀ lórí orúkọ tí a ń pè é. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, mẹ́dọ̀wú sì ni àwọn ìwé ìlera máa ń kọ. Orúkọ méjèèjì ló dára, méjèèjì ló tọ́ka sí ẹ̀dọ̀. Ọ̀kan ní ó ń jẹ ẹ́, èkejì ní ó ń mú un wú. Ṣùgbọ́n ibi tí àrùn náà ń gbé ni wọ́n sọ fún wa, wọn kò sọ ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Ẹni tó bá gbọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, inú ikùn ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ, ohun tó ń jẹ àti ohun tó ń mu ni yóò sì máa ṣọ́. Ìṣọ́ra yẹn ní ìdí tirẹ̀, nítorí pé irú A àti irú E a máa bá omi àti oúnjẹ tó lẹ́gbin wọlé. Irú B kì í gba ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀, àti ìbálòpọ̀, àti láti ara ìyá sí ara ọmọ nígbà ìbí. Obìnrin kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó wa sọ fún mi pé nítorí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, òun kì í mu omi nínú ọgbà ilé ìwòsàn láéláé. Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ó ń fi ọwọ́ lásán ká aṣọ ìbora tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, ó ń ká a mọ́ àyà, ó rọra ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kí ó lè gba àyè nínú apẹ̀rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òye rẹ̀, ó ń ṣọ́ra. Kò sí ẹni tó ti bá a sọ ọ́ rí pé ẹnu ọ̀nà kejì wà.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àjẹsára yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Baruch Blumberg, ọmọ Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n ṣàkíyèsí èròjà àjèjì kan nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà ní àárín ọdún 1960 sí 1969, tí wọ́n sì wá mọ̀ pé èépá kòkòrò mẹ́dọ̀wú irú B ni. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1976. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 28 oṣù Keje, ni gbogbo ayé fi ń sàmì Ọjọ́ Mẹ́dọ̀wú Àgbáyé. Ní ọdún 1981 ni wọ́n fi àṣẹ sí àjẹsára àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1986 ni èyí tí wọ́n ń fi ìwúkàrà ṣe sì jáde, irú rẹ̀ náà ni a ń lò títí di òní. Kò sí kòkòrò kankan nínú rẹ̀, alààyè tàbí òkú. Èròjà kan ṣoṣo lára èépá kòkòrò náà ni, tí a fi ń kọ́ ara ènìyàn kí ó lè dá ọ̀tá mọ̀ kí ọ̀tá tó dé, nítorí náà kò lè fa àrùn náà síni lára láé. Nínú àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le, ó máa ń ràn lára ẹni tó ju 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún tó bá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Nígbà tí Màmá kọ́kọ́ gbé ìgbálẹ̀ nílé ìwòsàn, àjẹsára yìí ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ẹ̀rọ amómitutù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n ń nù lójoojúmọ́ ló wà.

Kí ló wá dé tí kò dé apá wọn? Mo kọ́kọ́ rò pé àìmọ̀ wọn ni. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń dúró sí: ìmọ̀ wọn kò tó, ẹ jẹ́ kí a là wọ́n lọ́yẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ wo ìwé orúkọ àwọn tí ilé ìwòsàn náà kà sí ẹni tó yẹ kí ó gba àjẹsára, mo rí àwọn dókítà, mo rí àwa nọ́ọ̀sì, mo rí àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, mo tilẹ̀ rí akọ̀wé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kan aláìsàn rárá. N kò rí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. Agbaṣẹ́ṣe kan ló gbà wọ́n síṣẹ́. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, wọ́n ní ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe ni ọ̀rọ̀ ìlera wọn wà. Nígbà tí mo bi alábòójútó tí agbaṣẹ́ṣe náà fi síbẹ̀, ó ní ìwé àdéhùn tí àwọn fọwọ́ sí kò mẹ́nu kan abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àárín àwọn méjèèjì ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí wà, tí wọ́n ń gbé ọ̀rá dúdú.

Níhìn-ín ni mo ti yí èrò mi padà, n kò sì ní gbé e pamọ́: ẹ̀kọ́ dára, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a kò lè máa sọ pé àìmọ̀ ló pa á lára. Láti ọdún 1991 ni òfin iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí agbanisíṣẹ́ fi àjẹsára yìí lọ gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lè mú kí ó kan ẹ̀jẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá tó bá bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn bí òfin náà ṣe là á kalẹ̀, nítorí pé kò béèrè ìwé ẹ̀rí tí ènìyàn ní tàbí orúkọ oyè tó wà láyà rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń kàn lẹ́nu iṣẹ́ ló béèrè.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí a kò mọ ara ẹni tó ti jáde tún wà, òun ni mo sì fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìlera fi sọ́kàn jù. Nígbà tí abẹ́rẹ́ gún mi, mo mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. A bi í, a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a sì mọ ohun tí a ń bá jà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rá tí Màmá gbé lọ́jọ́ yẹn ti gba ìdọ̀tí orí gbogbo bẹ́ẹ̀dì tó wà ní wọ́ọ̀dù. Ta ni wọn yóò bi? Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó kì í gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Kò sí abẹ́rẹ́ kan tó gún un rí tí kì í ṣe pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló jù ú síbi tí kò yẹ. Àwa ni. Àwa tí a mọ̀ pé inú àpótí líle ló yẹ kí abẹ́rẹ́ lọ ní kété tí a bá lò ó tán, pé a kò gbọ́dọ̀ dé e padà, pé bí àpótí náà bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó yẹ kí a dí i pa kí a sì gbé òmíràn. Mo ti rí àpótí tó kún débi pé ẹnu abẹ́rẹ́ yọ síta lókè rẹ̀ bí ẹ̀gún, tí ẹni tó ń kọjá sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Mo ti rí i, mo sì ti kọjá.

Èmi àti ọ̀gá kan tó ń bójú tó ìdènà àkóràn bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó jọ, kéékèèké, ní ìgbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ iṣẹ́. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ti wà níbẹ̀ tipẹ́, èdè rẹ̀ kò sì yé ọ̀pọ̀ nínú wọn. A pa á tì. Mo mú ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ láti fi kó ìdọ̀tí, mo bu omi tí a ti pò mọ́ àwọ̀ pupa sínú rẹ̀, mo so ó lọ́rùn, mo sì fi abẹ́rẹ́ tuntun tí n kò tíì lò rí kàn án lára. N kò tẹ̀ ẹ́. Omi pupa náà tú yàà sínú abọ́. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni baba kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́: “Ohun tí mo ti ń gbójú lé láti ọdún mọ́kànlá nìyí.”

Láti orí ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù ti wá ń rọrùn. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, kò lè dí abẹ́rẹ́. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn ló yẹ ẹni tó ń kó ìdọ̀tí, pẹ̀lú bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀. A kì í fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tẹ ọ̀rá kí ó lè gbà sí i, a kì í sì í gbé e mọ́ itan. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀, a kì í kàn fi mọ́ọ̀pù fà á káàkiri. A ó kọ́kọ́ fi aṣọ tàbí bébà tó lè fa omi bò ó, a ó da omi kíloríìnì tí agbára rẹ̀ tó 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e lórí, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó nù ún. Gbogbo ìwọ̀nyí dára, mo sì ń fi gbogbo ọkàn kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìgbà gbogbo ni mo máa ń sọ fún wọn pé ìbọ̀wọ́ lè ya, àpótí lè kún, nọ́ọ̀sì tó rẹ̀ lè gbàgbé, ṣùgbọ́n àjẹsára tó bá ti ràn lára, kò sí ẹni tó lè bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí n kò retí. Obìnrin kan fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó lóyún lè gbà á. Mo ní ó lè gbà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun gba ẹyọ kan ní ibi tí òun ti ṣiṣẹ́ rí, agbaṣẹ́ṣe pààrọ̀, òun kò sì rí ibi tí òun ti lè gba ìyókù, ṣé èyí tí òun gbà ti ṣòfò ni? Mo sọ fún un pé kò ṣòfò, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ènìyàn bá dé náà ni yóò ti máa bá a lọ, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí a bá ń sọ pé wọn kì í parí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí ètò náà: abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lónìí, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí a gba àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́fà gùn púpọ̀ ju iṣẹ́ tí ẹlòmíràn nínú wọn ní ìdánilójú rẹ̀ lọ. Yàrá tí wọ́n ti ń fúnni ní àjẹsára a máa ṣí nígbà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru bá ti relé, a sì máa ti kí wọ́n tó padà dé. A bẹ alábòójútó yàrá náà, ó sì gbà láti máa wá sí wọ́ọ̀dù ní ìdájí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìyípadà kékeré yẹn nìkan ṣe ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ lọ.

Ẹ̀rù tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni kò tètè jáde. Ó tó ìgbà kẹta tí a pàdé kí ẹnì kan tó lanu béèrè pé: “Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, tí wọ́n sì bá a níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọn kò ní lé mi?” Mo mọ̀ pé ìbéèrè gbogbo wọn ni, nítorí pé kò sí ẹni tó tún mira. Mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú ohun tí mo mọ̀ dájú: pé a kì í kó àrùn yìí nípa jíjẹun pọ̀, tàbí bíbọwọ́, tàbí ìdìmọ́ra, tàbí ikọ́, nítorí náà ẹni tó bá ní in kì í ṣe ewu fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbálẹ̀, pé àgbàlagbà tó bá kó o, ó ju 95 lọ nínú ọgọ́rùn-ún tí ara wọn máa ń lé e jáde fúnra rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ tó bá kó o ni ó sábà máa ń bá dàgbà, pé ẹni tó bá ti di bára-kú sí lára lè máa lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ látìgbàdégbà, àti pé àwọn oògùn bíi tenofovir àti entecavir wà, tó ń tẹ kòkòrò náà lórí ba kí ó má lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ mọ́. Ní ti bóyá wọn kò ní lé wọn, n kò lè fi ẹnu mi búra lórí ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe. A lọ bá àwọn aláṣẹ, a sì rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi fi í sínú ìwé pé èsì àyẹ̀wò kò ní kúrò láàárín òṣìṣẹ́ àti dókítà rẹ̀, àti pé kò sí ẹni tí wọn yóò dá dúró nítorí rẹ̀. Ìgbà tí ìwé náà jáde ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na apá sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, mo ti ń pè wọ́n ní alágídí nínú ọkàn mi.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti wákàtí àkọ́kọ́. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá gún, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀. Kí ó má fún un, kí ó má fi ẹnu fà á. Kí ó sì sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó má dúró di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Abẹ́rẹ́ mìíràn wà fún ẹni tí kò tíì ní ààbò, èyí tó ní ohun ìjà tí a ti yọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn ti mọ àrùn náà. A máa ń fi í pẹ̀lú àjẹsára àkọ́kọ́, kí ọjọ́ kan tó pé bí ó bá ṣeé ṣe, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ méje lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi dákẹ́ ṣe wúwo lọ́kàn mi tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Màmá béèrè ìbéèrè wọn, ọjọ́ kọkànlélógún ti pé.

Mo sọ òtítọ́ fún wọn. Mo jókòó tì wọ́n ní yàrá tí wọ́n ń kó garawa sí, mo ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, mo sì tọrọ àforíjì. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní kí n dìde nílẹ̀, pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Wọ́n gbà kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn wò lọ́jọ́ náà, a kò rí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n sì gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Àrùn yìí lè fara pamọ́ láti ọgbọ̀n ọjọ́ títí dé ọgọ́sàn-án ọjọ́ kí ó tó fara hàn, nítorí náà oṣù mẹ́fà ni a fi dúró. Ní gbogbo oṣù mẹ́fà yẹn, n kì í wọ wọ́ọ̀dù láìkọ́kọ́ wo ẹyinjú wọn bóyá ó ti pọ́n bí ìyeyè. Wọ́n mọ̀ pé mo ń wò ó. Nígbà mìíràn, wọ́n á ti fi ọwọ́ fa ìpéǹpéjú wọn sílẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àyẹ̀wò oṣù kẹfà mọ́. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ kẹta lọ́jọ́ náà. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, a yẹ̀ wọ́n wò bóyá ó ti ràn, èròjà ààbò inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì tíì tó ìwọ̀n 10 mIU/mL tí a fi ń mọ̀ pé ààbò wà. Bí ọjọ́ orí bá ti kọjá 40, ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí àwọn kan, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wa sì ti sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe: kí a tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ tí kò ràn fún lẹ́ẹ̀kínní máa ń ràn fún lẹ́ẹ̀kejì. Mo bẹ̀rù láti sọ ọ́ fún wọn. Mo rò pé wọn yóò ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n béèrè ọjọ́ tí alábòójútó àjẹsára ń bọ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ náà, wọ́n kò dá wá. Obìnrin méjì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní àjà kejì tẹ̀ lé wọn, àwọn tí orúkọ wọn kò tíì wọ ìwé wa. Màmá mú káàdì tiwọn jáde láti àpò àyà aṣọ iṣẹ́ wọn, ó ti ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fi han àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n máa ń kọ ọjọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sẹ́yìn, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ fún àwọn yẹn. Ìgbà tí a kọ orúkọ àwọn méjèèjì tán, tí wọ́n sì ti gba tiwọn, ni Màmá tó ká apá aṣọ wọn sókè.